Ooru Tí Tẹ̀mómítà Kò Rí

Tí ìdánwò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, irú aláìsàn kan wà tí kì í ṣọ̀wọ́n ní ilé ìwòsàn. Ọmọ Yunifásítì ni, ó ti ń kàwé mọ́jú, oorun rẹ̀ ti dàrú, ohun tó sì ń wí ni pé orí òun ń gbóná. Nọ́ọ̀sì á fi tẹ̀mómítà sí i lábíyá, á yọ ọ́, á wò ó.

"Àbúrò, ara ẹ ò gbóná."

"Àǹtí, mi ò wí ti ara. Orí ni mo wí. Inú orí."

Wọ́n á kọ oògùn ibà fún un, wọ́n á fi ti táífọ́ọ̀dì lé e, ó di ilé.

Ẹ jẹ́ ká kọjá sí Ọ̀sọsà, ìlú Hubert Ògúndé, tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ìyá àgbàlagbà kan lè jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀, kó na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí sìmẹ́ńtì tútù, síbẹ̀ kó ní àtẹ́lẹsẹ̀ ń jó òun. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀, á fọwọ́ kàn án, tútù ni yóò bá a. "Màmá àgbà, ẹsẹ̀ yín ò gbóná o." Ìyá á dákẹ́. Kí ló tún kù tó fẹ́ sọ?

Àwa tá a wà nítòsí kì í pẹ́ dá ẹjọ́ irú nǹkan báyìí. A ní ọmọ yẹn ń sá fún ìdánwò ni, a ní ogbó ló dé sí màmá. Èmi gbà pé òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ooru wọn kò ti ibì kan náà wá, ìtọ́jú wọn kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àyè kan wà nínú ọpọlọ tí ooru méjèèjì sábà máa ń gba ibẹ̀ kọjá kí ènìyàn tó ní "ó ń jó mi". Ínsúlà ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ti Ọ̀sọsà ni màá kọ́kọ́ sọ, nítorí ọ̀rọ̀ ilé wa ni, ó sì yà mí lẹ́nu bí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó mọ̀ nípa rẹ̀ ṣe kéré tó.

Orúkọ Ọ̀sọsà wà nínú ìwé ìṣègùn káàkiri ayé, kì í sì í ṣe torí eré Ògúndé. Ní 1968, Benjamin Olúwákáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí-Èkìtì tó jẹ́ ògbóǹkangí nípa àìsàn ọpọlọ àti iṣan ní Ìbàdàn, tẹ ìwádìí gígùn kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní Brain. Àìsàn kan ló kọ nípa rẹ̀, èyí tí àwọn dókítà ti ń kíyè sí ṣáájú rẹ̀ ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Láti ẹsẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ á máa ta, á máa jó, lẹ́yìn náà á kú tipiri. Ìrìn á wá dàrú. Ní ti àwọn mìíràn, ojú á ṣú, etí á di. Ohun tó ń ṣe wọ́n kì í ṣe àìlágbára. Ẹsẹ̀ lágbára, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ náà wà bí kò bá fi ojú wò ó. Ní ọ̀sán, ojú á máa ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tàbí bí ẹni náà bá bomi bọ́jú ní òwúrọ̀ tó sì di ojú pa, ṣe ni yóò ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tí yóò fẹ́ ṣubú.

Ní 1969, wọ́n ka Ọ̀sọsà mọ́ àwọn ìlú tí àìsàn yìí ti fìdí kalẹ̀. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ lẹ́yìn náà kí Olúwọlé, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ wa, tó tẹ èsì ìwádìí tirẹ̀ jáde ní 2000. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Hans Rosling ará Sweden wà lára wọn, ka gbogbo ìlú ní orí-ò-jorí: 4,583 ènìyàn. Wọ́n yẹ àwọn tó ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá sókè wò, wọ́n sì rí 206 tí àìsàn náà wà lára wọn. Ìpín 6 nínú 100 àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò nìyẹn, ó sì lé ní ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n rí ní 1969. Ó pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. Láàárín àwọn obìnrin tó wà ní ọmọ ọgọ́ta sí ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnìkan nínú mẹ́rin. Ẹ tún un kà. Tí ìyá mẹ́rin bá jókòó síwájú ilé kan ní Ọ̀sọsà nígbà náà, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn máa gbé ẹsẹ̀ tí kò mọ ilẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ẹ̀sùn kàn. Májèlé sáyánáìdì wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù, ó dè mọ́ ṣúgà tí kò fi lè ṣe nǹkan. Bí a bá rin ẹ̀gẹ́, ìdè náà á tú, májèlé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá wa fi ń jẹ́ kó kan dáadáa, tí wọ́n ń fi jáàkì tẹ omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n sì ń yan án lórí iná. Èyí tó bá ṣẹ́ kù sínú gàrí, ara ni yóò pa á dà sí nǹkan mìíràn tí yóò tọ̀ dànù, ṣùgbọ́n ara nílò èròjà tó wà nínú ẹja, ẹran àti ẹ̀wà láti ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó ń mu gàrí láàárọ̀ tó ń jẹ ẹ̀bà lọ́sàn-án àti lálẹ́, tí ọbẹ̀ rẹ̀ kò sì ní ju ata àti ẹ̀fọ́ lọ, ibi tí Ọ̀ṣúntókun tọ́ka sí nìyẹn.

Àlàyé náà dára, ṣùgbọ́n kò kún tó. Ẹ̀pẹ́ wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń rí àìsàn yìí, bẹ́ẹ̀ ìlú ẹja ni Ẹ̀pẹ́, gẹ́gẹ́ bí Ìwópin àti Mákùn-Omi ti jẹ́ ìlú ẹja ní apá tiwa. Ní 2002, Olúwọlé náà tún kọ̀wé nípa ìlú mìíràn tí àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ oúnjẹ ẹ̀gẹ́ púpọ̀ tí sáyánáìdì sì wà lára wọn, síbẹ̀ tí àìsàn ẹsẹ̀ yìí kò wọ́pọ̀ láàárín wọn. Mo fẹ́ràn ọ̀mọ̀wé tó bá lè fi ìwádìí tirẹ̀ yẹ ohun tí gbogbo ènìyàn gbà gbọ́ wò. Ká má tíì torí rẹ̀ máa mu gàrí ní àmujù o.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká béèrè ìbéèrè kan. Bí iṣan bá ti bàjẹ́, kí ló dé tí ẹsẹ̀ tí kò gbọ́ràn mọ́ tún ń jó? Ṣebí ó yẹ kó dákẹ́ pátá ni.

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọ̀nà méjì ni ìròyìn ara ń gbà dé ọpọlọ. Àwọn iṣan tó nípọn ló ń sọ ibi tí oríkèé wà, ló ń mọ ìgbọ̀nrìrì àti ìfọwọ́kàn. Wọ́n ń sáré gan-an, ẹ̀yìn ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà gòkè, orí ọpọlọ lókè ni wọ́n ń dé sí. Ọ̀nà yìí ni àìsàn Ọ̀sọsà ń bà jẹ́ jù. Àwọn iṣan kéékèèké wà lọ́tọ̀. Ìwọ̀nyí ń falẹ̀, tiwọn ni ooru, otútù, ìrora, ìyún, ebi, òùngbẹ, ìtọ̀ tó ń gbọ̀n wá, èémí tó ń kúrú, inú tó ń rú. Wọ́n ń gba ọ̀nà tiwọn lọ, ibi tí púpọ̀ nínú wọn sì ń dé sí ni ínsúlà. Charles Sherrington ará Gẹ̀ẹ́sì ti ya ìmọ̀lára inú ara sọ́tọ̀ láti 1906, ṣùgbọ́n Bud Craig, ọmọ Amẹ́ríkà, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún tọpasẹ̀ ọ̀nà kejì yìí láti awọ ara títí dé ọpọlọ. Ìwé tó kọ ní 2002 ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ohun tí gbogbo ayé ìmọ̀ ọpọlọ ń jíròrò. Tí iṣan bá ń kú lọ, kì í kú wọ́ọ́rọ́. A máa ránṣẹ́ èké. Ínsúlà kò mọ̀ pé èké ni. Ó gbọ́ iná, ó sì jẹ́ iná fún màmá.

Níbo wá ni ínsúlà wà? Ẹni tó bá wo ọpọlọ láti ìta kò lè rí i. Ihò jíjìn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọlọ, lápá òkè etí. Bí a bá la ihò náà, ínsúlà ló wà nísàlẹ̀, ọpọlọ tó kù sì kájọ bò ó. Ọ̀kan wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan wà lósì. Johann Christian Reil, oníṣègùn ará Jámánì, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, tó sì fi erékùsù sọ orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́jọ ọdún kí wọ́n tó bi í léèrè ní tààrà iṣẹ́ tó ń ṣe. Wilder Penfield ló bi í, ní Montreal. Aláìsàn wárápá ni ó ń ṣiṣẹ́ abẹ fún, ojú wọn là sílẹ̀, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ń fi iná mànàmáná díẹ̀díẹ̀ kan oríṣiríṣi ibi lára ọpọlọ wọn. Nígbà tó kan ínsúlà, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Faulk kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1955 pé inú ni àwọn aláìsàn náà ń mẹ́nu bà: inú rú wọn, nǹkan ń yí nínú wọn, ìtọ́wò ṣàjèjì wá sí ẹnu wọn.

Ìwádìí tó kàn wá jù ti wáyé ní Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, ní 2002. Iná díẹ̀ náà ni wọ́n fi kan apá ẹ̀yìn ínsúlà àwọn aláìsàn wárápá. Àwọn kan ní ara àwọn ń gbóná, àwọn kan ní ó ń jó àwọn, àwọn mìíràn ní ó ń dun àwọn, lápá, lójú, lẹ́sẹ̀. Kò sí ohun kan tó kan apá wọn. Tẹ̀mómítà kò lè rí nǹkan kan. Ẹni tó bá ka èyí tó tún lè wo ojú akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè kó ní irọ́ ló ń pa, ó kù sí i lọ́wọ́.

Ẹni tó bá ti dé etí omi lọ́jọ́ ọjà ní Ogun Waterside mọ bó ṣe ń rí. Ọkọ̀ á gúnlẹ̀, wọ́n á da ẹrù sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹja, igi ìdáná, àgbọn. Àwọn kan á ṣà á sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n lókè, lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà, ni ẹrù ti ń ní iye, iye yẹn sì sinmi lórí ohun tí wọ́n gbọ́ nípa ọjà àná àti ohun tí wọ́n ń retí lọ́la. Bẹ́ẹ̀ ni ínsúlà náà ṣe pín. Apá ẹ̀yìn rẹ̀ ń gba ìròyìn ara bó ṣe dé. Bó ti ń bọ̀ níwájú, ó ń pàdé ohun tí a ń rò, ohun tí a ń bẹ̀rù, ohun tí a rántí. Nígbà tí Craig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi nǹkan tútù kan ọwọ́ àwọn ènìyàn nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2000, apá ẹ̀yìn ń tẹ̀lé bí nǹkan náà ṣe tutù sí ní tòótọ́. Apá iwájú lọ́tùn-ún sì ń tẹ̀lé bí ẹni náà ṣe sọ pé ó tutù lára òun sí. Nǹkan méjì ni ìyẹn. Torsten Thunberg, ará Sweden, ti fi hàn láti 1896 pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà: ó to ohun lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ohun tútù pọ̀ mọ́ra, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, kò sì sí èyí tó lè jó ènìyàn nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ọwọ́ lé wọn lápapọ̀ á yára gbé e kúrò nítorí ó ń jó o.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ilé-ìwé ló wá kàn. Dókítà Raymond Prince, ọmọ Kánádà, ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta ní ìparí àwọn ọdún 1950, lábẹ́ Thomas Adéoyè Lambo, ẹni tó sọ àwọn abúlé agbègbè Arò di ibi tí aláìsàn ọpọlọ ti lè máa gbé láàárín ènìyàn, pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, kó máa gba ìtọ́jú. Ní 1960, Prince kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná, tí ọrùn ń dùn, tí nǹkan ń rìn lórí, tí ojú ń ṣú sí ìwé, tí ohun tí wọ́n kà kì í wọlé. Ó fún àìsàn náà ní orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń pè é, brain fag. Ó ní ìwé kíkà ọ̀nà òyìnbó ló gbé wàhálà kò wọ́n. Orúkọ náà wọ ìwé ńlá tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà ń lò, ní 1994, lábẹ́ àìsàn tí wọ́n gbà pé àṣà ibì kan ló ń bí i. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó wá tọpasẹ̀ orúkọ náà rí i pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ni wọ́n ti ń lò ó, fún àwọn amòfin àti oníwàásù òyìnbó tí iṣẹ́ ọpọlọ dá lágara. Wọ́n kó àìsàn wọn ránṣẹ́ sí wa pẹ̀lú ìwé, nígbà tí wọ́n sì tún pàdé rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, wọ́n ní àṣà wa ni.

Àwa náà ní orúkọ fún un kí Prince tó dé. Ọdẹ orí. Ẹni tó ń ṣe mọ̀ ọ́n: nǹkan á máa rìn nínú agbárí, á sọ̀ kalẹ̀ sí àyà tàbí ẹ̀yìn, á tún gòkè; etí á máa pariwo, àyà á máa lù kìkì, oorun á jìnnà. Roger Mákànjúọlá, tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ tó sì wá di gíwá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lẹ́yìn náà, kọ ìwádìí lórí rẹ̀ ní 1987. Ó rí i pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí àníyàn ló wà lábẹ́ rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ àwọn tó yẹ̀ wò. Ṣáájú rẹ̀, ní 1980, Olúfẹ́mi Mórákínyọ̀ ti sọ̀rọ̀ nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ìfẹ́ tó le láti yege, àníyàn, àìsùn àti ohun tí wọ́n ń jẹ láti fi lé oorun.

Ohun tí wọ́n ń jẹ yẹn, ará Ìjẹ̀bú-Igbó kò ní kí n ṣàlàyé. Ilẹ̀ obì àti kòkó ni. Káfíìnì tó wà nínú kọfí wà nínú obì. Ó ń jẹ́ kí ọkàn lù kíá, ó ń lé oorun, ó ń mú ọwọ́ gbọ̀n. Ẹ ronú nípa ọmọ kan tó jẹ obì mọ́jú, tí kò sùn, tí bàbá rẹ̀ ta pákó láti san owó ilé-ìwé rẹ̀, tí ìdánwò ku ọ̀la. Àyà rẹ̀ ń lù. Ìròyìn àyà náà ń gòkè lọ sí ínsúlà láìdúró. Ní 2004, Hugo Critchley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí àwọn ènìyàn sọ, láìfọwọ́ kan iṣan ara wọn, bóyá ìró kan bá bí ọkàn wọn ṣe ń lù mu. Apá iwájú ínsúlà ọ̀tún ló ń ṣiṣẹ́ jù nínú ọpọlọ àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n jù ni àníyàn wọn pọ̀ jù. Ẹni tó ń gbọ́ ara rẹ̀ ní àgbọ́jù kì í ní ìsinmi.

Lisa Feldman Barrett àti Kyle Simmons tún sọ ohun kan ní 2015 tó wọ̀ mí lọ́kàn. Wọ́n ní ọpọlọ kì í jókòó retí ìròyìn ara. Ó ti máa ń sọ ohun tó ń bọ̀ ṣáájú, ìròyìn kàn ń wá tún un ṣe ni. Bí ìfojúsọ́nà náà bá le jù, ìròyìn kò ní lè tún un ṣe mọ́. Ohun tí ọpọlọ ń retí ni ara á máa rí. Lójú tèmi, èyí súnmọ́ ọdẹ orí ju gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa àṣà lọ. Kì í ṣe pé iṣan akẹ́kọ̀ọ́ bàjẹ́ bíi ti ìyá Ọ̀sọsà. Iṣan rẹ̀ pé. Àwọn tó ń dá iye lé ẹrù lókè ni ẹ̀rù ń bà.

Ẹni tó bá ṣì rò pé àwọn aláwọ̀ dúdú nìkan ló ń fi ara sọ ohun tó ń ṣe ọkàn, kí ó wo ìwádìí tí Gregory Simon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1999. Ilé ìtọ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ní orílẹ̀-èdè mẹ́rìnlá, Ìbàdàn sì wà níbẹ̀. Nínú 1,146 aláìsàn tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, 69 nínú 100 ló jẹ́ pé ohun tó ń ṣe ara nìkan ni wọ́n bá wá sọ́dọ̀ dókítà: orí, ẹ̀yìn, inú, àárẹ̀. Kò sí ilé ìtọ́jú kan tí ìwọ̀n náà ti wálẹ̀ ju 45 lọ. Àwọn òyìnbó náà ń fi ara sọ̀rọ̀.

Agbára ínsúlà lórí ìfẹ́ ọkàn tún hàn nínú ìtàn àwọn amusìgá. Nasir Naqvi àti Antoine Bechara wà lára àwọn tó kọ ọ́ ní 2007. Wọ́n rí amusìgá mọ́kàndínlógún tí àìsàn ọpọlọ ti ba ínsúlà wọn jẹ́. Mẹ́tàlá nínú wọn jáwọ́, púpọ̀ nínú wọn láàárín ọjọ́ kan, láìjà, láìsí wàhálà. Ọ̀kan nínú wọn ti ń mu ju ogójì igi lọ lójúmọ́. Lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ó ní ara òun ti gbàgbé ìfẹ́ sìgá.

Àrùn rọpárọsẹ̀ yìí, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń fà, ló yẹ kí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ínsúlà kan ilé gbogbo. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó máa ń dí jù lọ́pọlọ ló ń fún un ní ẹ̀jẹ̀. Àwọn kan wà tí ọwọ́ òsì wọn rọ tí wọ́n sì ń sọ pé ọwọ́ náà kì í ṣe tàwọn, pé ẹlòmíràn ló gbé e sí àwọn lórí ibùsùn. Bernhard Baier àti Hans-Otto Karnath ní Jámánì tọpasẹ̀ rẹ̀ ní 2008, wọ́n sì bá a ní ínsúlà ọ̀tún. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ nílé wa, àṣàsí la máa ń wí, a ó sì máa wá ẹni tó ṣe é, bẹ́ẹ̀ wákàtí tó yẹ ká fi gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn ń kọjá lọ.

Ó yẹ kí n fa ìjánu báyìí, torí àwọn kan ti fẹ́ sọ ínsúlà di ilé ọkàn. Craig fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ ní 2009, ó ní ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń mọ̀ pé òun wà. Ní Iowa, aláìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní R nínú ìwé. Kòkòrò àìfojúrí kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ínsúlà rẹ̀ méjèèjì run tán, pẹ̀lú àwọn ibòmíràn. Bí ọ̀rọ̀ Craig bá pé, kò yẹ kó mọ̀ pé òun wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Carissa Philippi, David Rudrauf àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yẹ̀ ẹ́ wò ní 2012, R ń dá ara rẹ̀ mọ̀ nínú dígí, ó ń sọ irú ènìyàn tí òun jẹ́. Antonio Damasio náà kọ ọ́ ní 2013 pé ìrora, ayọ̀ àti ìbànújẹ́ ṣì ń wà lára ẹni tó pàdánù ínsúlà méjèèjì. Ó ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ni ìmọ̀lára ti ń bẹ̀rẹ̀. Èmi wà lẹ́yìn Damasio. Ẹ̀yà ara tí ènìyàn lè wà láìní í, kò lè jẹ́ òun nìkan ni ènìyàn.

Kí ni nọ́ọ̀sì wa lè ṣe pẹ̀lú gbogbo èyí? Fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń jó, kó ní kó dìde dúró, kó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kó wá di ojú, kí ẹnìkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti gbá a mú. Bó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ìwé lílọ sí ilé ìwòsàn ńlá ló kàn, ní Ṣàgámù tàbí Ìbàdàn, kí wọ́n yẹ iṣan rẹ̀ wò, kí wọ́n sì má gbàgbé àtọ̀gbẹ, tó ń jó ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn púpọ̀ lónìí láìsí ọwọ́ ẹ̀gẹ́ níbẹ̀. Fún ẹni tí orí ń gbóná, kó bi í léèrè oorun, obì, kọfí, ilé, owó, àti bóyá ayé ti sú u. Oògùn ibà kò ṣe nǹkan kan sí èyíkéyìí nínú wọn.

Oògùn kan tí kò wọ́n wà ṣá, amitriptyline, tí dókítà lè kọ fún àwọn méjèèjì. Fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni wọ́n fi ṣe é ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó tún wà nínú àwọn oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ ń lò fún iṣan tó ń jó, ní ìwọ̀n tó kéré gan-an, lálẹ́. Ó lè ṣe ọkàn ní jàǹbá, pàápàá lára àgbàlagbà, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a ń lọ rà lọ́wọ́ ọlọ́jà. Dókítà tó bá sì kọ ọ́ fún màmá ní Ọ̀sọsà gbọ́dọ̀ wá àyè jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, kó ṣàlàyé fún wọn pé òun kò pe ìyá wọn ní aṣiwèrè. Bí kò bá ṣe é, wọ́n á dé ilé, ọ̀kan nínú wọn á tẹ orúkọ oògùn náà sórí Google, á rí i pé ti ọpọlọ ni, wọn ò sì ní fún un lò.